Jẹnẹrétọ̀ Tí Yóò Gbé Tíṣà Dé Ìyàrà

Ọdún mẹ́ta gbáko ni Ìyá Dára kò fi dé Ìyàrà, ìlú rẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé kí àwọn ọmọ tó kọ ìdánwò ìparí sáà tán, ó ti di ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ de ìrìn àjò ilé, òun náà ló wá di ẹni tí kò lè rìn kọjá ẹnu géètì ilé wọn ní Lugbe, ní Abuja. Ọdúnayọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Ó fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì ní ilé-ìwé girama, ó sì fẹ̀yìn tì tayọ̀tayọ̀. Kò pẹ́ sígbà náà ni èémí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti ń le, pé atẹ́gùn tó ń fà sínú kò tó o mọ́. Wọ́n ra ẹ̀rọ ọ́síjìn kan fún un. Ẹ̀rọ náà tóbi tó àpótí aṣọ, iná mànàmáná ló ń lò, ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì ti ara rẹ̀ wá sí ihò imú Ìyá Dára. Bó bá fẹ́ lọ sí ọsibítù tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní ìgò ọ́síjìn kékeré kan tó ń gbé dání, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ju wákàtí mẹ́ta lọ kó tó tán. Láti Abuja dé Ìyàrà ju wákàtí mẹ́ta lọ, bí ọ̀nà tilẹ̀ dára.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Bámiṣayọ̀, ló wà ní Ìyàrà. Òun ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ìbàdí sì ń dùn ún tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè wọ ọkọ̀ lọ sọ́nà jíjìn. Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan nínú oṣù kejì ọdún 2017, Ọbayẹmí, ọkọ Ọdúnayọ̀, jókòó sí pálọ̀, ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ, nítorí Bámiṣayọ̀ kì í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lórí fóònù.

"Ọdúnayọ̀," ni ìyá àgbà náà wí, "ṣé orí fóònù yìí náà la ó ti dágbére fún ara wa ni?"

Ọdúnayọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní Ọlọ́run ò ní jẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, ó yíjú sí ògiri títí tí oúnjẹ fi jinná.

Ọbayẹmí kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Awakọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba ni fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò sì fi ọkọ̀ gbá ohunkóhun rí àfi ewúrẹ́ kan ní Àbàjí, èyí tó ṣì máa ń bà á nínú jẹ́ bó bá rántí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ọ̀rọ̀ orí fóònù yẹn, ó wa bọ́ọ̀sì àtijọ́ kan wọ àdúgbò, irú èyí tí wọ́n fi ń kó òṣìṣẹ́ lọ sí ọ́fíìsì. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti ṣí, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dún dáadáa. Ọdúnayọ̀ wò ó láti ojú fèrèsé.

"Bàbá Dára, kí lèyí?"

"Ilé ni, Tíṣà." Tíṣà ló ti máa ń pè é látìgbà tí wọ́n ti ń fẹ́ra sọ́nà. "Bí ìwọ kò bá lè kúrò nílé lọ sí Ìyàrà, ilé á gbé ọ lọ."

Oṣù méjì ló fi ṣe é. Ó tú àwọn àga jáde, ó gbé bẹ́ẹ̀dì kan sí ẹ̀yìn, ó kan kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ ẹ̀gbẹ́, ó fi nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé kí ẹ̀fọn má wọlé, ó sì ra fíríìjì kékeré àti fáànù kan. Ó ṣe àyè pàtó fún ẹ̀rọ ọ́síjìn náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì fi bẹ́líìtì dè é kó má baà ṣubú. Àwọn ará àdúgbò máa ń dúró wò ó, wọ́n á ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o," wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín lọ. Jẹnẹrétọ̀ nìkan ló kù.

Ibẹ̀ ló ti ṣe àṣìṣe. Ọkàn awakọ̀ ló fi rò ó: kì í tètè rẹ ẹ́ńjìnnì ńlá. Ọkùnrin kan ládùúgbò fẹ́ kó kúrò ní Abuja, ó sì ń ta ẹrù rẹ̀. Ọbayẹmí ra jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ láì sọ fún ìyàwó rẹ̀, torí ó fẹ́ yà á lẹ́nu. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e. Wọ́n tì í sínú àyè ẹrù tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, Ọbayẹmí sì ní kí Tíṣà wá jókòó kí òun fi hàn án.

Nígbà tó tan án, gbogbo bọ́ọ̀sì náà ń gbọ̀n. Ife méjì já bọ́ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù. Gúlóòbù ń mọ́lẹ̀, ó ń ṣú, ó tún ń mọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ ọ́síjìn náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké pí-pí-pí, iná ojú rẹ̀ di pupa, ó sì dákẹ́. Kí Ọbayẹmí tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, èéfín ti ń gba àárín pákó ilẹ̀ bọ́ sókè. Ọdúnayọ̀ ń wúkọ́ débi pé kò lè dìde. Ọbayẹmí gbé e sọ̀kalẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì, bó ṣe gbé e wọlé ní ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, àmọ́ ẹ̀rù ló ń bà á lọ́tẹ̀ yìí, ó sì ń sáré. Ó gbé e dé ibi ìgò ọ́síjìn kékeré rẹ̀ nínú ilé kí ara rẹ̀ tó balẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, Ọbayẹmí kò jẹun. Ó jókòó sí abẹ́ igi dọńgóyárò tó wà lẹ́yìnkùlé, ó tẹ orí ba.

"Mo fẹ́ gbé ọ lọ sílé, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọ́," ló wí nígbà tí Ọdúnayọ̀ fi fóònù pè é láti inú yàrá.

"Ẹ wọlé, Bàbá Dára. Ẹ mú bírò àti ìwé wá."

Ọ̀nà tó ń gbà bá àwọn ọmọ tó fìdí rẹmi sọ̀rọ̀ nìyẹn. Kì í pariwo mọ́ wọn. Ó ní kí ọkọ òun ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ ọ́síjìn, kó ka ti fíríìjì àti ti fáànù, kó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kó sì rò ó pọ̀. Gbogbo rẹ̀ kò tó ẹgbẹ̀ta wáàtì.

"Ẹ wò ó," ló wí, "ẹrù tí ẹ fẹ́ gbé kò kún kẹ̀kẹ́ ológeere, ẹ wá lọ ra tírélà."

Ọbayẹmí rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà.

"Kì í ṣe bó ṣe tóbi ló ń dùn mí," ni Ọdúnayọ̀ tún wí, ó sinmi díẹ̀ kí èémí lè tó o. "Iná rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ bákan náà. Bí fíríìjì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan, ó máa ń fa iná púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, jẹnẹrétọ̀ kò gbọ́dọ̀ mira nígbà náà. Èéfín rẹ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sí mi. Mo sì fẹ́ lè gbọ́ yín bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀, ẹ̀yin tí ẹ kì í sọ̀rọ̀ sókè tẹ́lẹ̀."

Lọ́jọ́ kẹta, àwọn méjèèjì lọ sí ọjà Wuse. Ọbayẹmí gbé ẹ̀rọ ọ́síjìn sí ẹ̀yìn ọkọ̀, Ọdúnayọ̀ gbé ìgò kékeré rẹ̀ dání. Wọ́n wọ ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Mùbárákù, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Abuja, tó ń ta jẹnẹrétọ̀ ní òpópónà kan lẹ́yìn ọjà.

"Sànnu, Màmá. Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Èwo ni ká gbé jáde?"

"Gbogbo èyí tí o bá rò pé ó dára," ni Ọdúnayọ̀ dáhùn. "Ẹ̀rọ tí mo fi ń mí la mú wá. Òun ni kó yàn."

Mùbárákù wo rọ́bà tó wà ní imú rẹ̀, ó wo ẹ̀rọ náà, ó sì gbé àga fún un kó tó sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ó gbé ọ̀kan tó pupa dan gbinrin jáde, ó tan án. Ẹ̀rọ ọ́síjìn ń lọ dáadáa. Ọdúnayọ̀ ní kí wọ́n ki kẹ́tùlù iná mọ́ ọn. Bí wọ́n ti kì í bọ̀ ọ́, jẹnẹrétọ̀ náà ṣe bí ẹni tí nǹkan há lọ́fun, ẹ̀rọ ọ́síjìn sì ké. "Ẹ gbé e padà," ni Ọdúnayọ̀ wí. Wọ́n gbé èkejì jáde, èyí tó ń lo epo dísẹ̀lì. Ìyẹn kò mira rárá, ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ pọ̀ débi pé Mùbárákù ń fi ọwọ́ ṣàlàyé, èéfín rẹ̀ sì dúdú. Wọ́n pa á. Ẹ̀kẹta kò tilẹ̀ tàn títí tí wọ́n fi pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì rẹ̀.

Ó rẹ Ọbayẹmí. Ó ní, "Tíṣà, jẹ́ ká máa lọ. A ó tún padà wá lọ́jọ́ mìíràn."

Ṣùgbọ́n Ọdúnayọ̀ kò dìde. Ó ń wo fáànù tó ń yí lórí Mùbárákù. Ó ń wo kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì. Ó ní, "Mùbárákù, láti ìgbà tí a ti dé, wọ́n ti mú iná lọ ládùúgbò yìí, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ó ti lé ní wákàtí kan."

"Kí ló wá ń yí fáànù yẹn?"

Mùbárákù rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Kai! Màmá, ìyẹn, jẹnẹrétọ̀ tèmi ni."

Ó mú wọn lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Àpótí pupa rúsúrúsú kan ló wà nílẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti fọ́, wọ́n fi wáyà dì í. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀rọ ìránṣọ lọ. Ọdúnayọ̀ dúró níbẹ̀, ó ń gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè. Ọdún mélòó ló ti ń lò ó? Mẹ́rin. Kí ló ti bàjẹ́ lára rẹ̀? Kò sí, àfi púlọ́ọ̀gì. Ẹ̀ẹ̀mélòó ló ń yí ọ́ìlì rẹ̀? Bí oṣù bá ti pé. Wọ́n so ẹ̀rọ ọ́síjìn mọ́ ọn, Ọdúnayọ̀ fi rọ́bà rẹ̀ símú, wọ́n so kẹ́tùlù mọ́ ọn, wọ́n tún so fáànù. Iná náà kò mira. Ọdúnayọ̀ ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ju wákàtí méjì lọ tí wọ́n fi jókòó síbẹ̀, Ọbayẹmí lọ ra ẹ̀pà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ jẹ ẹ́, ẹ̀rọ ọ́síjìn kò sì ké lẹ́ẹ̀kan.

"Mo lè bá yín wá irú rẹ̀ tuntun láàárín ọ̀sẹ̀ méjì," ni Mùbárákù wí.

"Tuntun yẹn, n kò mọ ìwà rẹ̀," ni Ọdúnayọ̀ dáhùn. "Èyí, mo ti rí i lẹ́nu iṣẹ́."

Mùbárákù fi ọwọ́ kan jẹnẹrétọ̀ náà. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó ti pé ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń ta ọjà yìí, Màmá. Ẹnikẹ́ni kò bi mí rí pé èwo ni èmi fúnra mi ń lò." Ó gbà láti tà á fún wọn, kó sì gba jẹnẹrétọ̀ ńlá tí Ọbayẹmí kọ́kọ́ rà lọ́wọ́ wọn. Ó tún ní òun fúnra òun ni yóò wá dè é mọ́ bọ́ọ̀sì, pé òun kò ní fi èémí ẹlẹ́mìí lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Ó ṣe bó ṣe wí. Wẹ́dà kan ní Lugbe ṣe àgò irin sí ìdí bọ́ọ̀sì níta, wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ náà sínú rẹ̀, wọ́n sì fa páìpù èéfín rẹ̀ gòkè kọjá òrùlé. Wọ́n dí gbogbo ihò tó wà nílẹ̀ bọ́ọ̀sì. Ọdúnayọ̀ tún ní kí wọ́n fi bátìrì ńlá kan àti ínfátà kún un, kí iná lè wà fún wákàtí méjì bí jẹnẹrétọ̀ bá dákẹ́. "Ohun tí èèyàn fi ń mí kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹyọ kan," ló wí.

Dára, ọmọ wọn, ni kò fara mọ́ ọn. Báńkì kan ní Wuse ló ti ń ṣiṣẹ́, Durumi ló ń gbé. Ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n wa bọ́ọ̀sì náà lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti fi dánra wò. Dára dúró ní ẹnu géètì, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà.

"Mọ́mì, àbẹ́ẹ̀gì, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà ńkọ́?"

"Wọlé wá jókòó ná," ni ìyá rẹ̀ wí.

Dára wọlé. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀, ó sun oorun ọ̀sán fún wákàtí kan àtààbọ̀, ẹ̀rọ ń lọ, fáànù ń fẹ́. Dára kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀ jí, ọmọ náà ń nu ojú. "Ó ti pẹ́ tí mo ti rí yín tí ẹ sùn báyìí," ló wí. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ó mú ẹ̀rọ kékeré funfun kan wá, èyí tó máa ń ké bí èéfín ẹ́ńjìnnì bá wọ yàrá, ó kàn án mọ́ orí bẹ́ẹ̀dì fúnra rẹ̀. Bó ṣe gbà nìyẹn.

Wọ́n gbéra ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù kẹfà. Wọ́n kọjá Gwagwalada, wọ́n kọjá Àbàjí. Ọbayẹmí rọra ń wakọ̀ bí ẹni gbé ẹyin. Ọdúnayọ̀ jókòó sí ojú fèrèsé, ó ń ka orúkọ àwọn ìlú jáde bí ọmọdé. Kí wọ́n tó dé Kótónkàrífí, ọkọ̀ dúró. Tánkà kan ti ṣubú dí ọ̀nà níwájú, kò sí ẹni tó lè lọ síwájú tàbí padà sẹ́yìn. Ọbayẹmí yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.

Wákàtí kan kọjá, oòrùn mú. Lójijì, jẹnẹrétọ̀ náà dákẹ́.

Ọbayẹmí sáré lọ sẹ́yìn. Epo wà nínú rẹ̀. Ó yọ púlọ́ọ̀gì, ó nù ún, ó dá a padà. Ó fa okùn rẹ̀ ní ìgbà mẹ́wàá, ó fà á ní ogún. Ó tàn, ó kú. Ó pe Mùbárákù, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó tún padà fa okùn náà. Bátìrì ló ń gbé ẹ̀rọ ọ́síjìn báyìí, wákàtí méjì péré, ẹnikẹ́ni kò sì mọ ìgbà tí ọ̀nà yóò ṣí.

"Bàbá Dára!" Ohùn Ọdúnayọ̀ ló ń bọ̀ láti inú bọ́ọ̀sì, kò yára, kò sì gbọ̀n. "Ẹ wá wo nǹkan."

Ó wọlé, òógùn bò ó. Ọdúnayọ̀ nawọ́ sí ife omi tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù.

"Ẹ wo omi yẹn dáadáa."

Ọbayẹmí wò ó. Omi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí ife ní apá ọ̀tún, ó sì lọ sílẹ̀ ní apá òsì.

"Ibi tí ẹ gúnlẹ̀ sí ṣe gẹ̀rẹ́ sí gọ́tà," ni Ọdúnayọ̀ wí. "Ọ́ìlì inú jẹnẹrétọ̀ náà ti ṣàn lọ sí apá kan bí omi yìí. Ó rò pé ọ́ìlì ti tán, ló ṣe ń pa ara rẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì má baà jóná. Kò bàjẹ́. Ó gbọ́n ni. Ẹ wá ilẹ̀ tó tẹ́jú fún un."

Ilẹ̀ tó tẹ́jú tó sún mọ́ wọn jù ni iwájú ilé epo kan tí wọ́n ti tì pa, ó sì tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ìgbésẹ̀ síwájú, ọkọ̀ sì ti kún àárín fọ́fọ́. Ọbayẹmí sọ̀kalẹ̀. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ sókè yìí ló wá dúró láàárín títì, tó ń pariwo: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yà díẹ̀! Iná ni ìyàwó mi fi ń mí! Ẹ bá mi yà!"

Àwọn èèyàn wò ó. Awakọ̀ tírélà kan ló kọ́kọ́ dìde lábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó tan ẹ́ńjìnnì, ó sún. Èyí tó wà níwájú rẹ̀ náà sún. Àwọn èrò ọkọ̀ jáde, wọ́n ń juwọ́ sọ́tùn-ún sósì fún Ọbayẹmí, "Máa bọ̀! Máa bọ̀! Gé e díẹ̀!" Ó gba àárín àwọn ọkọ̀ náà kọjá, ibi tó jẹ́ pé ìka kan ló kù kó kan tírélà lápá kan, kò sì kan nǹkan kan. Ó dé iwájú ilé epo, ó pa ọkọ̀, ó wo ife omi. Omi tẹ́ rẹrẹ. Ó lọ sẹ́yìn, ó fa okùn lẹ́ẹ̀kan. Jẹnẹrétọ̀ náà tàn, kò sì dákẹ́ mọ́.

Ọbayẹmí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Nígbà tó wọlé, ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú.

"Ẹ gbà á dáadáa," ni Ọdúnayọ̀ wí. "Màákì yín pé."

Wákàtí mẹ́ta ni wọ́n tún lò níbẹ̀. Àwọn tó ran wọ́n lọ́wọ́ ń wá gba iná sí fóònù wọn, Ọdúnayọ̀ sì ń dá wọn dúró ní márùn-ún márùn-ún. "Wáàtì ò tó," ló ń sọ fún àwọn tó kù, "ẹ tò." Wọ́n sì tò.

Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí wọ́n wọ Ìyàrà. Bámiṣayọ̀ ti jókòó sí iwájú ilé láti ọ̀sán. Ọbayẹmí rọra fẹ̀yìn bọ́ọ̀sì náà wọ àgbàlá, ó gúnlẹ̀ sí ibi tó tẹ́jú jù, ó ṣí ilẹ̀kùn. Rọ́bà náà gùn tó kí Ọdúnayọ̀ lè jókòó sí àtẹ̀gùn ọkọ̀. Wọ́n gbé àga Bámiṣayọ̀ sún mọ́ ọn. Ìyá àgbà náà fi ọwọ́ gbá ojú àbúrò rẹ̀ mú, ó fọwọ́ kàn án wò láti iwájú orí dé àgbọ̀n, bí ẹni ń wá nǹkan.

"Okun o, àbúrò mi," ló fi èdè Ìyàrà kí i. "O ti rù."

"Ẹ̀yin náà ti kúrú, ẹ̀gbọ́n mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé Ọdúnayọ̀ ní láti sinmi kó tó lè mí. Lẹ́yìn náà, wọ́n sunkún díẹ̀, Ọbayẹmí sì lọ yẹ ọ́ìlì wò ní ẹ̀yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti yẹ̀ ẹ́ wò ní Lọ́kọ́ja.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n lò. Ní ọjọ́ kẹrin, Bámiṣayọ̀ ní òun fẹ́ rí inú ilé tó ń rìn yìí. Wọ́n gbé e wọlé tàga-tàga. Ó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò rẹ̀, fáànù ń fẹ́ wọn. Ó yí ara sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Ọbayẹmí," ló pè.

"Ẹ̀gbọ́n wa."

"Ìbàdí mi ò dùn mí níbí o. Ṣé ọkọ̀ yìí lè dé Kàbà? Ọ̀rẹ́ mi kan wà níbẹ̀, a jọ ṣe ìgbéyàwó lọ́dún kan náà ni. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti rí i."

Ọbayẹmí wo ìyàwó rẹ̀. Ọdúnayọ̀ ti ń tún rọ́bà imú rẹ̀ ṣe, ó sì ti nawọ́ gbé ife omi kúrò lórí kọ́bọ́ọ̀dù kó má baà dà. Ọbayẹmí lọ síwájú, ó jókòó sídìí ọkọ̀, ó sì tan ẹ́ńjìnnì.